Ta Ni Yóò Tún Ọkọ̀ Wa Ṣe?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa láti ọjọ́ pípẹ́, tí a sì ń fi ẹ̀rín gbé mì. Ó tó àkókò wàyí kí a pọ̀ ọ́ jáde kí a sì wò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà ni èyí: "Bí ọmọ yẹn kò bá mọ ìwé, ẹ fi í sí ẹnu iṣẹ́ mẹkáníìkì." Baba a máa sọ ọ́, olùkọ́ a máa sọ ọ́, àní àwa tí a ń jókòó nínú ìpàdé láti sọ̀rọ̀ nípa ìlọsíwájú ọmọ Yorùbá pàápàá a máa sọ ọ́. Àwa wí gbangba lónìí pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ó sì jẹ́ irọ́ tí ń pa ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a ń ṣe nígbà tí a bá sọ bẹ́ẹ̀. A mú ọmọ tí a ti pinnu pé kò lè kàwé, tí a ti nà, tí a ti fi ṣẹ̀sín níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. A fà á lé ọ̀gá kan lọ́wọ́ lábẹ́ igi ní ẹ̀bá ọ̀nà. Nígbà tí ọdún díẹ̀ bá sì kọjá, a gbé ọkọ̀ wa lọ bá ọmọ kan náà pé kí ó bá wa tún bíréèkì ṣe. Ìyàwó wa ni yóò wọ ọkọ̀ náà, ọmọ wa tí ń lọ sí yunifásítì ni yóò wọ̀ ọ́, iṣu àti àgbàdo Òkè-Ògùn tí ń lọ sí ọjà Ìbàdàn ni a ó dì sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí a kò jẹ́ fi lẹ́tà kan rán sí ààfin ni a fi ẹ̀mí ogún ènìyàn lé lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ náà bá sì takìtì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, a ó ní iṣẹ́ ayé ni. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Iṣẹ́ ọwọ́ àwa fúnra wa ni.

Ọ̀ràn náà sì le lónìí ju ti àtijọ́ lọ. Nígbà tí ọ̀nà wa kún fún kòtò, kò sí bí dírẹ́bà ti lè sáré tó. Nísinsìnyí a ti tún ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ṣe, èyí tí ó gùn tó kìlómítà 65, a sì ti tún èyí tí ó ti Ọ̀yọ́ wá ṣe pẹ̀lú. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó tẹ́jú a máa mú ọkọ̀ sáré, eré a sì máa béèrè bíréèkì tí ó mú àti táyà tí kò gbó. Bí a bá pa ọ̀nà dáradára pọ̀ mọ́ ọkọ̀ tí a kò tọ́jú, ikú ni wọn yóò bí. Ní 1977 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ olórí rẹ̀, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá ti gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1988. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lè dá ọkọ̀ dúró; kò lè tún un ṣe.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn baba wa ni a ti kọ́ ẹ̀gàn yìí. Àwọn baba wa bọ̀wọ̀ fún irin. Alágbẹ̀dẹ kì í ṣe ẹni ìtìjú láàrin wọn, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àgbẹ̀ ti ń gba ọkọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni jagunjagun ti ń gba idà. Títí di òní olónìí sì ni ọmọ Yorùbá tí ó ń ṣe ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ń fi irin búra ní kóòtù. Ẹ tún wo Ìsẹ́yìn fúnra rẹ̀. Kí ni ó gbé orúkọ ìlú yìí dé ibi gbogbo tí a ti ń ṣe ìyàwó tí a sì ti ń jẹ oyè ní ilẹ̀ Yorùbá? Òfì ni: sányán, àlàárì àti ẹtù. Ta ni ó gbọ́ rí nílùú yìí pé a wá ọmọ tí kò ní làákàyè kí a fi í sídìí òfì? Ẹni tí kò lè ka òwú kò lè hun aṣọ. Ọmọ a bẹ̀rẹ̀ láti orí kíká òwú. Ọ̀gá a máa wò ó, a máa bá a tún un ṣe, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ́, tí ojú rẹ̀ yóò sì mọ ìṣirò àwọ̀ àti òwú láìjẹ́ pé ó tún ń bi ẹnikẹ́ni léèrè. Àbúrò ahunṣọ ni ó yẹ kí mẹkáníìkì jẹ́ ní Ìsẹ́yìn, kì í ṣe ẹrú akọ̀wé.

Níbo wàyí ni ẹ̀gàn náà ti wá? Ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà kò jìnnà sí wa. Láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni, ní 1906. Láti ìgbà náà ni ó ti yẹ kí a máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ni ìjọba àwọn òyìnbó ń wá, akọ̀wé ni ilé ìwé ń tọ́, akọ̀wé ni ó sì ń gba owó oṣù. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes tí ó ti Amẹ́ríkà wá sọ nínú ìwé rẹ̀ ní 1922 pé kí a fi iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ kún ẹ̀kọ́ ọmọ Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú ni ó fura. Wọ́n ní: ṣé kí àwa máa rọ irin títí láé ni, kí àwọn ẹlòmíràn sì máa jókòó lórí àga ìṣàkóso? Ìfura náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n láti 1960 ni àga ti bọ́ sí ọwọ́ wa. Ta ni a tún ń fura sí?

Ní 1982, ìjọba tiwa gbé ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 kalẹ̀, kí gbogbo ọmọ baà lè fọwọ́ kan igi àti irin ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n ra ẹ̀rọ wá láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, inú àpótí ni àwọn ẹ̀rọ náà wà tí wọ́n fi dípẹtà, nítorí pé kò sí iná mànàmáná, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ̀ wọ́n lò. Òyìnbó kọ́ ni ó kan àpótí wọ̀nyẹn pa. Àwa ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń rò síbẹ̀ pé títún ọkọ̀ ṣe kò fẹ́ ìwé, kí ó gbọ́ èyí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí a ń rà ni ó ní kọ̀ǹpútà nínú. Láti ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti pa á láṣẹ pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí a ń tà níbẹ̀ ní ojú ihò irú kan náà, tí a lè ti ibẹ̀ bi kọ̀ǹpútà rẹ̀ léèrè ohun tí ń ṣe é. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn níwájú dírẹ́bà, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò ki ẹ̀rọ bọ ojú ihò náà, ẹ̀rọ lè wá kọ P0301 jáde, èyí tí ó túmọ̀ sí pé sìlíńdà kìíní kò jó bí ó ti yẹ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò pààrọ̀ gbogbo pílọ́ọ̀gì, yóò pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, yóò tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, títí owó olówó yóò fi tán.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà. A kọ nọ́ńbà mẹ́rin sí i níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni a ṣe é. Mélòó nínú wa ni ó ti ka nọ́ńbà náà rí kí ó tó ra táyà àlòkù? Ẹ wo epo bíréèkì. A máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí ó bá sì pẹ́ jù nínú ọkọ̀, tí bíréèkì gbóná ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, omi inú rẹ̀ a hó, ẹsẹ̀ dírẹ́bà a sì wọlẹ̀ láìsí ohun tí ó dá ọkọ̀ dúró. Nítorí èyí ni a fi ń pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méjì méjì. Bóòtù tí ó de orí ẹ́ńjìnnì pàápàá ní ìwọ̀n agbára tí a ó fi dè é, a sì ń dè é ní ẹsẹẹsẹ láti àárín bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí ó bá fi agídí dè é yóò ba orí ẹ́ńjìnnì náà jẹ́.

Ìyẹn nìkan kọ́. Láti ìgbà tí a ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ ti ń rọ àwọn ọlọ́kọ̀ pé kí wọ́n yí ọkọ̀ wọn padà sí èyí tí ń jó gáàsì CNG. Inú àgbá ni a ń há gáàsì náà mọ́, pẹ̀lú agbára tí ó tó nǹkan bí igba ìlọ́po ti afẹ́fẹ́ tí a ń mí. Ta ni ẹ̀yin fẹ́ kí ó de àgbá náà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ yín? Ọmọ tí a ní kò mọ ìwé náà bí?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò dìde wí pé: "Ọ̀gá mẹkáníìkì wa kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan, síbẹ̀ ó ń tún ọkọ̀ ṣe." Òtítọ́ ni, a kò sì gan an. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn ọ̀gá wà tí wọn yóò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì láti òkèèrè, tí wọn yóò sì sọ ibi tí ó ń dùn ún kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Àwọn ni wọ́n mú kí ọkọ̀ máa rìn ní Òkè-Ògùn nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tí ó bìkítà. Kì í ṣe àwọn ni a ń bá wí, bí kò ṣe àwa tí a fi wọ́n sílẹ̀ láti máa fọwọ́ wá ohun tí ìwé ìbá ti fi hàn wọ́n láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún.

Àwọn mìíràn yóò sì wí pé: "Ìjọba ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ lọ sí ibẹ̀." Òtítọ́ ni èyí pẹ̀lú. Ní 1992 ni a dá NABTEB sílẹ̀ kí ó gba ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ kúrò lọ́wọ́ City and Guilds ti Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ mẹkáníìkì ọkọ̀ sì wà lára ohun tí ó ń dán ènìyàn wò lé lórí. Pólítẹ́kíníìkì wà ní Ṣakí, LAUTECH sì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: ọmọ iṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ ní ìsọ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí kò ní ìwé ẹ̀rí mẹ́wàá, ẹnu ọ̀nà wo ni yóò gbà wọ inú àwọn ilé wọ̀nyí? Àwa sì ti rí ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí ṣùgbọ́n tí kò lè tú bóòtù tí ó dípẹtà. Ọ̀kan ní ọwọ́, kò ní ìwé; èkejì ní ìwé, kò ní ọwọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. A ti ya ìsọ̀ kúrò lára ilé ìwé, ìyà ìyapa náà ni gbogbo wa sì ń jẹ lójú ọ̀nà.

Àwọn tí wọ́n gbọ́n kò yà wọ́n. Ní Jámánì, ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ a máa lo ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀. Ìsọ̀ ọ̀gá ni ó ń wà ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, a sì máa lọ sí ilé ìwé ní nǹkan bí ọjọ́ kan tàbí méjì nínú ọ̀sẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọkọ̀ ti di ohun iná àti kọ̀ǹpútà, ní 2003 wọ́n pa iṣẹ́ mẹkáníìkì àti iṣẹ́ rewáyà pọ̀ di ẹyọ iṣẹ́ kan. Ǹjẹ́ ẹ kò rí i pé ètò ọmọ iṣẹ́ àti ọ̀gá tí àwọn baba wa fi lélẹ̀ ni wọ́n ń lò, tí wọ́n kàn fi ilé ìwé kún un? Ní Gánà tí ó sún mọ́ wa, níbi tí àwọn mẹkáníìkì pọ̀ bí eéṣú ní àdúgbò Suame ní Kumasi, yunifásítì ìlú náà dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní 1972 láti máa gba àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nímọ̀ràn, nígbà tí ó sì di 1980, ó gbé ilé iṣẹ́ kan kalẹ̀ ní Suame gan-an. Kò dúró dè wọ́n kí wọ́n wá bẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè ni ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ tí yóò jẹ́ ti ará ìlú Ìsẹ́yìn fúnra wọn, tí ìsọ̀ àti ìwé yóò pàdé nínú rẹ̀. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì ní ayé. Láti 1901, nígbà tí a dá ti Joliet sílẹ̀, ni àwọn ìlú Amẹ́ríkà ti ń ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí owó orí ará ìlú ń ràn lọ́wọ́, tí àgbà oníṣẹ́ lè lọ ní ìrọ̀lẹ́ láti fi ìmọ̀ kún ìmọ̀. Kò sì ṣàjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1934, Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ girama Iléṣà sílẹ̀. Ní 1943, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ọ̀fà dá ti Ọ̀fà sílẹ̀. Wọn kò dúró de ìjọba. Bí àwọn baba baba wa bá lè dá owó jọ nígbà tí kọ́bọ̀ ṣọ̀wọ́n, kí akọ̀wé baà lè pọ̀, kí ni ó dí àwa lọ́wọ́ láti dá owó jọ nísinsìnyí, kí oníṣẹ́ tí ó mọ̀wé baà lè pọ̀?

A sì fẹ́ kí a kọ́ni níbẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, ní sáyẹ́ǹsì, àti ní gbogbo ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn sí ẹnikẹ́ni. Inú ìsọ̀ gan-an ni èdè ọkọ̀ ti ń dàgbà lójoojúmọ́. Mẹkáníìkì àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi Gẹ̀ẹ́sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí ó bá mọ ìdí ọ̀ràn ní Yorùbá ni yóò tètè mọ ohun tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń wí. A kò ní kí ó má kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ fi ń kọ̀wé. A ní kí ó má ṣe jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà láti lé e padà.

Ẹ̀yin ìjòyè, ọ̀dọ̀ yín ni ilẹ̀ wà: ẹ fún wa ní ilẹ̀ tí ó súnmọ́ ìsọ̀ àwọn mẹkáníìkì, kì í ṣe ní ìkángun igbó. Ẹ̀yin ọlọ́rọ̀, ọkọ̀ àlòkù kan tí ẹ kò lò mọ́, tí ó ń jẹrà lẹ́yìn ilé yín, ìwé kíkà ni fún ogún ọmọ. Ẹ fà á kalẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ yín gba ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún ìwé, kí ẹ̀yin pẹ̀lú sì wá, kì í ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ nìkan, bí kò ṣe bí olùkọ́, nítorí pé ohun tí ó wà ní ọwọ́ yín kò sí nínú ìwé kankan. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà láàrin wa, ẹ sọ̀kalẹ̀ wá bí ti Kumasi. Katakata tí ó bá kú sí oko Òkè-Ògùn kò ní fi ìwé àpilẹ̀kọ jí. Ẹ má sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọbìnrin. Láti 2004 ni Sandra Aguebor ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ mẹkáníìkì ní orílẹ̀-èdè yìí, ọkọ̀ kò sì kọ̀ láti rìn nítorí pé ọwọ́ obìnrin ni ó tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó kẹ́yìn ni ó ṣòro jù, ara wa ni a sì ń bá sọ ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ náà kò ní níyì bí ó bá jẹ́ ọmọ tálákà nìkan ni a rán lọ síbẹ̀. Bí àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ nínú ìpàdé, tí a sì ń rán gbogbo ọmọ tiwa lọ kọ́ òfin àti ìṣègùn, ará ìlú yóò wo ẹsẹ̀ wa, wọn kò ní wo ẹnu wa. Ọjọ́ tí ìjòyè kan bá mú ọmọ rẹ̀ tí ó mọ ìwé jù, tí ó mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ tìlù tìfọn bí ẹni ń mú ọmọ lọ sí yunifásítì, ọjọ́ náà ni irọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí yóò kú ní Ìsẹ́yìn.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní ti wa, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò tún ọkọ̀ tí a ó wọ̀ ṣe. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà rèé, àgbà rèé. Orí ọmọ ti ń wọ́ tipẹ́. Ẹ dìde o.